Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan Láti Orí Ìka

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní lánsẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń gún orí ìka ènìyàn láti gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, àti láti Òkèho dé Kìṣí, ni ó ti rí i rí. Àwọn kan ń sá fún un bí ẹni rí ejò. Àwọn kan kà á sí eré ọmọdé tí kò ní ìtumọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń na ìka wọn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mú abẹ́rẹ́ dání, láìbéèrè ibi tí abẹ́rẹ́ náà ti wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò tọ́.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí olùkàwé mú lọ sí ilé rẹ̀. Èkíní ni pé kí ó jẹ́ kí a wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó mu oògùn ibà. Èkejì ni pé kí ó mọ bí ó ti yẹ kí a gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí ohun tí a ṣe fún ìlera má baà di ọ̀nà tí àrùn mìíràn yóò gbà wọlé.

IBÀ KÌ Í ṢE ÀRÙN KAN ṢOṢO

Nígbà tí òjò bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, tí omi sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọn a pọ̀, ara gbígbóná a sì wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bí ara ọmọ bá gbóná, bàbá a ní, "Ibà ni." Ìyá àgbà náà a ní, "Ibà ni." Wọn a rán ẹnìkan sí ìsọ̀ olóògùn, owó ẹ̀gẹ́ tí a tà lọ́jà àná a sì lọ síbẹ̀. Bí ara náà bá rọlẹ̀, a dúpẹ́. Bí kò bá rọlẹ̀, a tún ra òmíràn tí ó le ju ti ìṣáájú lọ.

Ṣùgbọ́n ara gbígbóná dà bí èéfín tí a rí lókèèrè: ó sọ fún wa pé iná ń jó, kò sọ ohun tí ó ń jó fún wa. Àrùn òtútù àyà ń mú ara gbóná. Táífọ́ọ̀dù, tí ó ń bá ènìyàn láti inú omi àti oúnjẹ tí kò mọ́, ń mú ara gbóná. Etí dídùn, ọ̀fun dídùn, egbò tí ó ti bàjẹ́, àti ibà Lásà tí eku ń mú wá, gbogbo wọn ni ó ń mú ara gbóná. Ẹni tí ó fi oògùn ibà ẹ̀fọn tọ́jú òtútù àyà ọmọ rẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí yóò bá fi mọ̀, ọjọ́ ti lọ.

Ojú lásán kò lè ya àwọn àrùn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó lè sọ fún wa bóyá kòkòrò ibà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1880, dókítà àwọn ọmọ ogun Faransé kan, Alphonse Laveran, ń wo ẹ̀jẹ̀ sójà kan ní ìlú Constantine ní ilẹ̀ Àlùjíríà, nípasẹ̀ awò tí ń sọ ohun tíntín di ńlá, èyí tí à ń pè ní maikirosíkóòpù. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun alààyè tí ń mira nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ojú rí kòkòrò ibà. Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí irú kòkòrò yìí nínú ikùn ẹ̀fọn ní ìlú Secunderabad ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ìgbà náà ni ó ti yé aráyé pé kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe iṣẹ́ àṣekára, kì í sì í ṣe epo pupa ni ó ń fa ibà, bí kò ṣe kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ wa pàápàá, ẹ̀jẹ̀ orí ìka ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1969 títí dé ọdún 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní Garki, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà, tí ó sì wà ní Jígáwá lónìí. Àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n sì ń ro bí tiwa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá ni a ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé, àti ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà. A fín oògùn apakòkòrò sínú ilé, a sì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oògùn. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń wò ni ó fi hàn pé ibà dínkù púpọ̀, ṣùgbọ́n pé kò tán pátápátá. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí ni, ẹnìkan ì bá ti pariwo pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì parí.

Ní ọdún 2005, Nàìjíríà fi klorokúínì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́kọ́, nítorí kòkòrò ibà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Oògùn alápapọ̀ tí ó ní artemisinin nínú ni ó rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a wo ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí a bá fura pé ó ní ibà kí a tó fún un ní oògùn. Ìmọ̀ràn yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ, nítorí nínú gbogbo àwọn tí ibà ṣe ní ayé ní ọdún 2023, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà.

BÍ A TI Í GBA Ẹ̀JẸ̀ ORÍ ÌKA

Lábẹ́ awọ ara wa ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó tín ju irun orí lọ gbé pọ̀ bí gbòǹgbò koríko lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ni a ń gún, kì í ṣe iṣan ńlá tí ó wà ní ìgúnpá. Kí olùkàwé fi ara balẹ̀ ka ètò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yìí, kí ó lè mọ̀ bí a bá ṣe é dáadáa fún un.

1. Ọwọ́ mímọ́. Kí ẹni tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun. Kí aláìsàn náà fọ ọwọ́ tirẹ̀, pàápàá bí ó bá ti oko dé.

2. Ọwọ́ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ètè ń sán tí ìka sì tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Kí a fi ọwọ́ náà sínú omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò lè jó ni, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí a fi ọwọ́ kejì ra á. Kí a sì jẹ́ kí apá rọ̀ sísàlẹ̀.

3. Ìka tí ó yẹ. Ìka àárín tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e, tí à ń fi òrùka sí, ni kí a yàn, ní ọwọ́ tí ènìyàn kì í lò jù. Àtàńpàkò àti ìka tí a fi ń júwe kò dára, nítorí pé àwọ̀ wọn le, a sì ń lò wọ́n ní gbogbo ìgbà. Ìka kékeré kò dára, nítorí pé ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, egungun sì súnmọ́ tòsí. Àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle, kí ó fi ibi tí awọ ti rọ̀ jù han nọ́ọ̀sì. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, kí ó sọ ìka tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lò jù, kí a má baà gún un níbẹ̀.

4. Ibi tí ó yẹ lórí ìka. Kì í ṣe góńgó orí ìka gan-an, bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ẹran ti pọ̀. Kí a gún un ní ìdábùú àwọn ìlà tí ó wà lórí ìka. Bí a bá gún un bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò rú jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá gún un ní ìbámu pẹ̀lú ìlà náà, yóò ṣàn lọ bí omi nínú poro ebè.

5. Sípírítì. Kí a fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu ibẹ̀, kí a sì dúró kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, yóò ta ènìyàn, yóò sì ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó lè tètè gbẹ. Èémí ẹnu a máa dá ìdọ̀tí padà síbẹ̀.

6. Abẹ́rẹ́ tuntun. Èyí ni olórí gbogbo rẹ̀. Kí a já abẹ́rẹ́ náà kúrò nínú ìdì rẹ̀ ní ojú aláìsàn. Abẹ́rẹ́ kan, ènìyàn kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a gún un kíákíá láìfòyà, nítorí gígún pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni ó ń mú kí a tún un gún.

7. Ẹ̀kán àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, òwú gbígbẹ ni a fi ń nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, nítorí pé omi ara lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni a ń lò. Kí a má ṣe fún ìka náà bí ẹni fún ọsàn. Omi ara ni yóò jáde pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ìdáhùn tí a óò rí kò sì ní jẹ́ òtítọ́.

8. Ìparí iṣẹ́. Kí aláìsàn fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Kí abẹ́rẹ́ náà bọ́ sínú àpótí líle tí kò ṣe é lu jáde, lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a jù sí ilẹ̀ yóò pàdé ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò wọ bàtà.

Lẹ́yìn èyí ni a óò wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, a ó fi ẹ̀jẹ̀ sórí awẹ́ gíláàsì, ọ̀kan kí ó nípọn, èkejì kí ó fẹ́lẹ́, a ó sì fi aró tí ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Gustav Giemsa, gbé jáde ní ọdún 1904 pa á láró, kí kòkòrò lè hàn nínú maikirosíkóòpù. Nínú èkejì, a ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ojú páálí kékeré kan, a ó sì kán omi tirẹ̀ sí i. Ìlà kan wà tí ó gbọ́dọ̀ yọ nígbà gbogbo, láti fi hàn pé páálí náà ṣiṣẹ́. Bí òun nìkan bá yọ, a kò rí ibà. Bí ìlà kejì bá yọ pẹ̀lú rẹ̀, a rí ibà. Bí ìlà àkọ́kọ́ yẹn kò bá yọ rárá, páálí náà ti bàjẹ́, kí a mú òmíràn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni a ń dúró. Kí a má ṣe kánjú ka á, kí a má sì ṣe padà wá kà á lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ẹni tí ó ti lo oògùn ibà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí páálí lè ṣì máa fi ìlà méjì hàn lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú.

ỌMỌ ỌWỌ́ ÀTI GÌGÍSẸ̀ RẸ̀

A kì í gún ìka ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí pé egungun rẹ̀ súnmọ́ awọ jù. Gìgísẹ̀ ni a ń gún, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí ẹ̀gbẹ́ òsì abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àárín, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ wọlé ju mìlímítà 2.4 lọ. Kí ìyá gbé ọmọ náà mọ́ àyà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ yìí lè sọ ohun ńlá fún òbí. Ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, dókítà Amẹ́ríkà kan, Robert Guthrie, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí a jẹ́ kí ó gbẹ sórí bébà lè sọ àrùn tí ọmọ náà gbé wá sáyé kí àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Lónìí, irú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi fòníkúfọ̀ladìde hàn láti ọjọ́ tí a bí ọmọ. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ni ó ń gbé àmì àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní lè mú ọmọ tí ó ní àrùn náà wá, ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a sin láyé àtijọ́, tí a sì pè ní àbíkú, tí a kọ ilà sí lára kí wọn má baà padà wá, ni ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò bójú mu? Ọmọ tí a bá tètè mọ̀ pé ó ní i, a lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà àti òtútù àyà, a sì lè tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ̀JẸ̀ TÍ A Ń GBÀ LÓRU

Ìfura ńlá ni ó máa ń wà bí àwọn elétò ìlera bá dé abúlé pẹ̀lú fìtílà ní òru láti gba ẹ̀jẹ̀. Àlàyé rẹ̀ nìyí. Aràn tí ń fa jàbùtẹ̀, tí ó ń wú ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹsẹ̀ erin, máa ń tú ọmọ rẹ̀ tíntín sínú ẹ̀jẹ̀. Patrick Manson, oníṣègùn ará Scotland tí ó ṣiṣẹ́ ní Amoy ní ilẹ̀ Ṣáínà láàárín ọdún 1870 sí 1880, rí i pé àwọn ọmọ aràn yìí ń fara pamọ́ ní ọ̀sán, wọ́n sì ń jáde wá sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ní òru, ní wákàtí tí ẹ̀fọn ń jẹ ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí yóò fi maikirosíkóòpù wá wọn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ láàárín agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo méjì òru. Àyẹ̀wò mìíràn ti wà báyìí tí a lè fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán ṣe, ṣùgbọ́n ti òru kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ bá dé, kí a má ṣe lé wọn, kí a má sì ṣe ṣí ilẹ̀kùn láìbéèrè. Kí a mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, kí a sì béèrè ìwé àṣẹ wọn.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí a gbà kò ní sọ mí di aláìlágbára lóko?
Ìdáhùn: Rárá. Nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ni ó wà lára àgbàlagbà. Ẹ̀kán kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 100,000 rẹ̀. Ẹ̀fọn àti eégbọn inú igbó ń gba tiwọn láìsan nǹkan kan padà.

Ìbéèrè: Níbo ni ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ? Ṣé wọn kò ní fi ṣe nǹkan burúkú?
Ìdáhùn: Ó tọ́ kí o béèrè. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ fi wò fún ọ, kí ó sì fi ìdáhùn hàn ọ́ tàbí kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, ká ọwọ́ rẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn baba wa sín gbẹ́rẹ́. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?
Ìdáhùn: Ẹni tí ó ń sín gbẹ́rẹ́ ń fi nǹkan sínú ara, ẹni tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ orí ìka kò fi ohunkóhun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan náà wà nínú méjèèjì: abẹ́ kan tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún agbo ilé, àti lánsẹ́ẹ̀tì kan tí a fi gún ènìyàn méjì, bákan náà ni wọ́n ń gbé àrùn éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ kiri. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí ó lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Fífi sípírítì nu abẹ́rẹ́ kò sọ ọ́ di tuntun.

Ìbéèrè: Ṣé kò lòdì sí ìgbàgbọ́, nígbà tí Ìwé Mímọ́ ka ẹ̀jẹ̀ sí ohun ọ̀wọ̀?
Ìdáhùn: Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ ni ó ṣe yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Oníṣègùn ni Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni láti mọ orúkọ àrùn tí à ń gbàdúrà lé lórí.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ní kò sí ibà lẹ́jẹ̀ mi ńkọ́, tí ara mi sì gbóná?
Ìdáhùn: Má ṣe bínú, má sì ṣe fi dandan gba oògùn ibà. Sọ pé kí wọ́n wá ohun tí ó ń ṣe ọ́ gan-an. Bí ara kò bá sì rọlẹ̀, padà lọ.

ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN

Ọmọ tí gìrì ń mú, tí kò lè mu ọmú, tí ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tí ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tàbí tí a kò lè jí, kì í ṣe ẹni tí a ń fi sílé. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí. Níbẹ̀ ni a ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìtọ́jú ti ń lọ.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kì í gbin iṣu láìwo ilẹ̀. Ó ń bu erùpẹ̀ díẹ̀ ní ọwọ́, ó ń fọ́ ọ wò, kí ó tó kọ ebè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí pẹ̀lú ara wa. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀jẹ̀ kí a tó ra oògùn, ẹ jẹ́ kí a sì wo abẹ́rẹ́ kí a tó na ìka. Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn tàbí ìsọ̀ olóògùn, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín jẹ́ èyí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ já abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi."